Ilé Ìgbẹ̀bí Tó Bọ́ Mọ́ Wa Lọ́wọ́

Ìgbà tí eegun mi ṣì le, tí mo ń ru ẹ̀gẹ́ láti oko wálé láìsọ̀, abúlé wa níbí ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ kọ́ ilé ìgbẹ̀bí sí. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Abúlé wa! Kì í ṣe ti Sàlámọ̀.

Sàlámọ̀, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi ni. Òdìkejì odò ló lọ́kọ sí. Èmi gan-an ni mo sìn ín dé ilé ọkọ...

Àwọn ará káńsù wá. Wọ́n ní, "Ẹ fún wa nílẹ̀, ká bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́." Ilẹ̀ lásán! Baálẹ̀ ní ojúde òun ni. Lèmọ́mù ní rárá, ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí ló yẹ. Bàbá ọkọ mi ní bí kò bá ti sí ní agboolé tàwọn, kó má sí níbì kankan. Wọ́n fà á títí òjò fi dé. Làwọn ará káńsù bá sọdá odò. Baálẹ̀ tọ̀hún hú ẹ̀gẹ́ oko ara rẹ̀, ó ní, "Ilẹ̀ rèé." Ó parí.

Nígbà tí mo fẹ́ bí bàbá yín, ìrọbí mú mi, mú mi, ọmọ ò wá. Ọkọ mi gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ibo la lọ? Ọ̀dọ̀ Sàlámọ̀ náà ni! Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ló gbẹ̀bí mi. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Sàlámọ̀ gbómi gbígbóná wá, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ewu ọmọ. Ṣé ẹ rí i bí ilé ìgbẹ̀bí wa ṣe dáa?"

Ilé ìgbẹ̀bí wa! Hẹ̀n. Ó yẹ kí n dúpẹ́, àbí? Mo kọjú sí ògiri, mo ṣe bí ẹni tó ń sùn.

Ẹ wá wò ó lónìí. Ibi tí nọ́ọ̀sì wà ni ọ̀nà gbà. Ibi tí ọ̀nà gbà ni iná dé. Ọjà wa gan-an ti kó lọ bá wọn. Iwájú ilé Sàlámọ̀ ni mọ́tò Ìgànná ń gbà kọjá. Bó bá pè mí lórí fóònù, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá sinmi lọ́dọ̀ mi díẹ̀," màá ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ṣé ó ṣẹ̀ mí ni? Kò ṣẹ̀ mí rárá. Mo kàn ń jowú ẹ̀ ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní ìjọba fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wa. Wọ́n pèpàdé. Kí lẹ rò pé wọ́n ń jà sí? Ojúde ta ni! Mo dìde. Obìnrin kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀, mo sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ gbẹ́ ẹ síwájú ilé ẹni tí mo kórìíra jù láyé. Màá lọ pọnmi níbẹ̀."

Wọ́n ní àwọn á tún padà jókòó lé e...

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì lágbára, ẹ lọ jókòó tì wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí ẹnì kankan dìde títí wọ́n á fi fẹnu kò. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ máa fi ojú tí mo fi ń wo ọmọ ìyá mi wo ẹlòmíì.