Etí Tí Mo Fi Díye Lé Mọ́tò Opó

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ara mi rẹ́rìn-ín, kí ẹ̀yin ará Ìfọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti pé ọdún mẹ́rin nínú mi, kò jẹ́ kí oúnjẹ dà. Bí mo bá gbé e wọ sàréè, ilẹ̀ yóò pọ̀ ọ́ jáde, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi pọ̀ ọ́. Èmi Wúlẹ̀mọ̀tù, ìyá Tòún, ọmọ Mówé, tí ẹ ń pè ní Elétí Mọ́tò, èmi tí ẹ kì í ra àlòkù lọ́rì kan láìpè, n kò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò. N kò mọ̀ ọ́n rí. Ìtọ̀ ló sọ mí di ọ̀mọ̀ràn.

Ní ọdún 1950, mo ń gbé obì lọ sí Èkó. Kí á tó dé Ṣàngó, ìtọ̀ ti gbọ̀n mí débi pé mo ń fi itan lọ́ itan bí aboyún tí ọmọ ń mú. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ láàárín àwọn ọkùnrin, ni mo bá figbe ta: "Dírẹ́bà, dúró! Mọ́tò yìí ń dún lódì!" Ó dúró, mo sá wọgbó. Nígbà tí màá fi jáde, dírẹ́bà ti dọ̀bálẹ̀ lójú títì. Nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́tò ti tú, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo. Ó ní, "Ìyá, etí yín ló gba ẹ̀mí wa là!" Ó yẹ kí n sọ pé, "Ọmọ mi, ìtọ̀ mi ni." Mo ní, "Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Ìwà òmùgọ̀ mi àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ẹ mọ bí a ṣe ń ní bọ́lẹ̀kájà. Òyìnbó kò tà á lódindi. Ẹ́ńjìnnì àti egungun irin lásán ni wọ́n ń gbé láti etí omi ní Èkó. Dírẹ́bà á jókòó lórí àpótí, á wà á wálé, atẹ́gùn á máa fẹ́ ẹ nídìí. Káfíńtà ló máa wá kan ara fún un: ògiri, ìjókòó, òrùlé. Ìdí nìyẹn tí àlòkù rẹ̀ fi ṣòro díyelé. Iye irin ọ̀tọ̀, iye igi ọ̀tọ̀, kò sì sí méjì tó bá ara wọn mu. Ìyẹn ni ẹ fi ń wá mi. Màá jókòó síwájú, màá di ojú, màá gbé ọwọ́ lé pákó, màá máa mi orí bí ọmọ kéwú. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ń ṣe? Mo ń yọjú wo mẹkáníìkì ẹni tó ń tà á láti abẹ́ ìpéǹpéjú. Bí ojú rẹ̀ bá ń sá kiri, màá ní, "Ẹ já owó rẹ̀ wálẹ̀." N kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣì í! Adìyẹ tí mo jẹ lórí etí yìí, ẹ ò lè kà á tán.

Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ̀rín parí síbí.

Ní 1955, Bùrẹ́ímọ̀ onílọ́rì kú, ó fi Hàfísátù ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ méjì sílẹ̀. Hàfísátù wọ tákàbà, ẹ sì mọ̀ pé opó kì í jáde sí gbangba títí oṣù mẹ́rin ọjọ́ mẹ́wàá yóò fi pé. Yésúfù, àbúrò olóògbé, wá láti Ìbàfò pé òun ni òun máa ṣú u lópó. Yésúfù tí kì í wẹ̀ àfi bí òjò bá ká a mọ́ oko! Àwọn àgbà dá sí i. Wọ́n ní kí wọ́n ta lọ́rì náà, kí owó rẹ̀ jẹ́ ti Hàfísátù àti àwọn ọmọ rẹ̀. Bí owó rẹ̀ bá tó kó wọn sábẹ́ òrùlé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fipá mú un. Bí kò bá tó, kó tẹ̀ lé Yésúfù.

Hàfísátù ránṣẹ́ pè mí. Ẹ̀yìn aṣọ ojú ilẹ̀kùn ló ti bá mi sọ̀rọ̀. "Ìyá Tòún, mo ti rí ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ojú irin tí mo lè máa ta aṣọ. Bí mọ́tò náà bá pé ọgọ́fà pọ́n-ùn, mo bọ́ lọ́wọ́ Yésúfù. N kò lè jáde lọ wò ó. Ẹ̀yin ni ojú mi, ẹ̀yin ni etí mi." Mo ní, "Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi."

Hàkímù àbúrò mi ló ń wa mọ́tò náà fún Bùrẹ́ímọ̀. Òun náà wá bá mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti kó àádọ́jọ pọ́n-ùn jọ, mo fẹ́ ra mọ́tò yẹn. Ó tó bẹ́ẹ̀, kódà ó jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ẹ gbọ́ o! Àádọ́jọ ni ọmọkùnrin náà fẹ́ san, pẹ̀lú ọkàn mímọ́. Èmi ni mo wò ó bí ẹni wo òpè. "Ṣé orí rẹ pé ṣá? Mú àádọ́rin jáde. Èyí tó kù, fi ti tèmi, ká jọ ra èkejì."

"Ẹ̀gbọ́n, opó mà ni."

"Opó ni. Ṣé èmi ni mo pa ọkọ rẹ̀ ni?"

Ẹnu tí mo fi ń jẹun yìí ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn mi ni Hàkímù dàgbà sí nígbà tí ìyá wa kú, kò lè kọ̀ fún mi. Èmi náà ni mo kọ́ ọ pé kó fa wáyà púlọ́ọ̀gì kan yọ nínú ẹ́ńjìnnì kí àwọn èèyàn tó dé.

Lọ́jọ́ tí a máa dá iye lé e, wọ́n gbé mọ́tò síwájú ilé ní ọ̀sán gangan. Hàkímù yí i, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀. Mo jókòó, mo di ojú, mo mi orí. Ohùn Hàfísátù jáde láti inú yàrá: "Ìyá Tòún, kí ló ń ṣe é? Kì í dún báyìí. Láti ojú irin ni mo ti máa ń gbọ́ ọ bọ̀, màá sì bu oúnjẹ bàbá àwọn ọmọ sílẹ̀."

Mo dáhùn pé, "Hàfísátù, òun náà ń ṣọ̀fọ̀ olówó rẹ̀ ni."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an rẹ́rìn-ín. Mo wá ní, "Kò ní lò ju oṣù mẹ́ta lọ. Àádọ́rin pọ́n-ùn, igi ara rẹ̀ nìkan ni ẹni tó bá rà á rí rà."

Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ kan yọ láti ẹ̀yìn aṣọ ilẹ̀kùn, ó gbé Kùránì tí a fi aṣọ funfun wé dání. "Ìyá Tòún, ẹ bá mi fi èyí sọ ọ́."

Mo lè yí padà níbẹ̀. Mo lè ní kí Hàkímù tún púlọ́ọ̀gì wò, kí á pè é ní àṣìṣe. Yésúfù jókòó, ó ń ta eyín, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo gba Kùránì náà, mo ní bí mo bá purọ́ kó mú mi. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Ẹ̀yin èèyàn, ọwọ́ mi kò tilẹ̀ gbọ̀n! Hàfísátù tún ní kí wọ́n fún mi ní móínmóín kí n tó lọ. Mo jẹ ẹ́, mo sì lá ewé rẹ̀.

Hàkímù san àádọ́rin pọ́n-ùn, a gbé mọ́tò náà lọ. Bí a ti kọjá ojú irin, mo ní kí Hàkímù dúró, kó dá wáyà padà. Ẹ́ńjìnnì kọrin. Mo pàtẹ́wọ́, mo ń jó lórí ìjókòó.

Hàfísátù tẹ̀ lé Yésúfù lọ sí Ìbàfò, ó di ìyàwó kẹta. Èmi àti Hàkímù ra lọ́rì kejì. Etí mi túbọ̀ lókìkí. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí wọ́n bá fi ohun tí ẹ ò mọ̀ yìn yín, ẹ tètè jẹ́wọ́ ìtọ̀ yín lọ́jọ́ náà gan-an.

Títí di Jímọ̀ tó kọjá, mo rò pé Kùránì náà ti gbàgbé mi. Mo wà níwájú mọ́tò Bùrẹ́ímọ̀ yẹn gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hàkímù, mo fẹ̀ bí ayaba. Obìnrin kan gbé agbọ̀n ẹja gbígbẹ wọlé sẹ́yìn wa. N kò dá a mọ̀. Ó ti rù, irun rẹ̀ ti ń funfun, bẹ́ẹ̀ kò tíì pé ogójì ọdún. Hàkímù ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ó rọra sọ sí mi létí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó Bùrẹ́ímọ̀ ni." Láti Ìfọ̀ dé Agége, obìnrin náà di ojú, ó gbé ọwọ́ lé pákó mọ́tò, ó ń gbọ́.

Nígbà tó sọ̀ ní Agége, mo ní, "Hàfísátù, má san nǹkan kan." Ó ka kọ́bọ̀ rẹ̀ sí mi lọ́wọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi bí ọmọdé ti í kúnlẹ̀ kí àgbà, ó ní:

"Ìyá Tòún, lọ́jọ́ tí ẹ gbé e lọ, mo gbọ́ ọ láti inú yàrá nígbà tó kọjá ojú irin. Ohùn rẹ̀ ti pé. Èmi opó ni, n kò lè jáde. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sínú rẹ̀, ṣé ẹ ò gbọ́ ọ ni?"