Irọ́ Tí Mo Pa Nípa Bisikíìtì Fúnmiláyọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti tó ọdún méjì nínú mi, mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi pàápàá. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi Fúnmiláyọ̀ dìde láàárín ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó ní kí wọ́n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, nítorí mo gba òun lọ́wọ́ àdánù. Mi ò lè gbójú sókè.

Olùkọ́ ni àwa méjèèjì. Ohunkóhun tí Fúnmiláyọ̀ bá fọwọ́ kàn ló máa ń dára. Ìyá ọkọ mi a máa fi í ṣe àpẹẹrẹ fún mi. Màá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara ń ta mí.

Nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó àlìkámà wọlé, tí búrẹ́dì wọ́n bí ojú, ó fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ àti àgbọn ṣe bisikíìtì. Ó fẹ́ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá àwọn èèyàn máa rà á. Ó bẹ̀ mí kí n pín in fún àwọn tó ń ta ìpápánu ní Ayépé àti Ìjẹ̀bú-Imusin láti tọ́ ọ wò. Ó ní tí òun bá lọ fúnra òun, wọ́n á máa wojú òun sọ̀rọ̀.

Mo lọ lóòótọ́. Ní Ayépé, ìyá ẹlẹ́pà kan jẹ ẹyọ kan, ó di ìyókù mọ́ etí ìró fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ní Imusin, wọ́n ní kí n mú páálí méjì wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó yẹ kí inú mi dùn. Owú ni mo jẹ títí mo fi délé.

Fúnmiláyọ̀ ti ń dúró dè mí.

“Kí ni wọ́n wí?”

Mo ní, “Wọ́n tu ú dànù. Wọ́n ní òórùn ẹ̀gẹ́ pọ̀ jù.”

Ó béèrè bóyá mo rí ẹnì kan ṣoṣo tó fẹ́ràn rẹ̀. Mo ní rárá. Kò jiyàn. Lọ́sẹ̀ yẹn ló ta gbogbo páànù tó fi ń yan án.

Ní oṣù tó kọjá, obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú rẹ̀ nítòsí ilé ẹ̀kọ́ wa, èrò sì ń wọ́ lọ síbẹ̀. Fúnmiláyọ̀ ra díẹ̀ fún mi. Ó ní, “Tèmi ò dùn tó báyìí, àbí?”

Irọ́ ni. Tirẹ̀ dùn ju ti obìnrin yẹn lọ. Mo ń jẹ, mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní fi bò yín: nígbà tó ní mi ò jẹ́ kí òun fi owó òun ṣòfò, tí wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún un lọ́jọ́ Àìkú, mo tún ń jowú bó ṣe mọ̀ ọ́n sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣẹ ọ̀rẹ́ rí, báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí níwájú rẹ̀?