Màámi Wọ Bọ́ọ̀sì Kọjá Igi Àgbọn

Ẹ bá mi kí Baba kú iṣẹ́! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹnu jẹ́jẹ́ kí i! Ẹni tó rí àlejò tí gbogbo Èkó wò kọjá, ẹ kí i kú iṣẹ́! Halelúyà!

Dáre lorúkọ mi. Fíríìjì ni mò ń tún ṣe ní Sùúrùlérè. N ò kàwé púpọ̀, ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi ò bá tò. Ọpẹ́ ni mo wá dú, ṣùgbọ́n inú ń bí mi bí mo ṣe dúró yìí, mi ò sì ní purọ́ níwájú Ọlọ́run.

Màámi ló jókòó lọ́hùn-ún yẹn, ẹni tó wé gèlè funfun. Abúlé wa lẹ́bàá Iléṣà ló ń gbé. Ó ti tó ọdún méjì tí nǹkan funfun ti ń bo ẹyinjú rẹ̀. Tó bá ń bu omi, ìta ife ló ń dà á sí. Tí mo bá lọ sílé, ohùn mi ló fi ń dá mi mọ̀.

Àṣé dókítà ojú kan wà tó máa ń wá sí ilé ìwòsàn kan nítòsí Ojú Ẹlẹ́gbà, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, á yẹ ojú àwọn èèyàn wò títí di ọ̀sán. Lọ́jọ́ kejì, á ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn tó bá yàn. Tí kò bá yẹ ojú rẹ wò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó di oṣù mẹ́fà mìíràn. Mo gba káàdì fún màámi. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n kọ sí i.

Ìyá kan nínú ìjọ wọn mú un wá sí Èkó, wọ́n sì sùn sílé ọmọ ìyá náà ní Sábó, ní Yábà. Ìyá náà ní òun á fi màámi wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀, kí n dúró dè é ní ibùdókọ̀ Igi Àgbọn, ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn náà gan-an. Mo wá pe màámi, mo ń kọ́ ọ ní Èkó.

Mo ní, "Màámi, ibí kì í ṣe abúlé o. Ẹ má yọ fóònù síta nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n á já a gbà. Ẹ pa á, kẹ́ ẹ so ó mọ́ ìdí ìró. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àlejò ni yín. Tẹ́ ẹ bá ti dé Igi Àgbọn, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Màá ti dúró."

Ó ní, "Mo gbọ́, ọkọ mi."

Màá ti dúró! Ẹ gbọ́ ohun tí mo fi ẹnu ara mi sọ.

Nígbà tí aago mẹ́sàn-án lù, ìsọ̀ onígbàjámọ̀ ni mo wà. Mo ti gerun tán o. Àríyànjiyàn bọ́ọ̀lù ló dè mí mọ́ àga. Mo ń wí fún ara mi pé láti Yábà sí Ojú Ẹlẹ́gbà, kí ni ọ̀nà yẹn jẹ́? Ọmọ jẹ́léósinmi ń lọ ọ́.

Ìgbà tí mo máa fi dé Igi Àgbọn, aago mẹ́wàá ku díẹ̀. Kò sí màámi. Mo pe fóònù rẹ̀. Ó ti pa á. Ṣebí èmi ni mo ní kó pa á.

Nọ́ọ̀sì pe orúkọ. Mo ní, "Ó ń bọ̀, mà."

Ó ní, "Bọ̀dá, ṣé ilé ìgbéyàwó nìyí, tẹ́ ẹ ń sọ fún wa pé ìyàwó ṣì ń múra? Ẹlòmíì!"

Mo sáré jáde. Mo ń dá bọ́ọ̀sì dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bi kọ̀ńdọ́ kan pé ṣé kò rí ìyá àgbà kan tó ró àdìrẹ. Ó ní, "Ọ̀gá mi, ìyá àgbà mélòó ni mo ti gbé láti àárọ̀! Èwo nínú wọn lo fẹ́ kí n dì fún ẹ?" Gbogbo bọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín! Ìyá mi sọnù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín! Mo fẹ́ẹ̀ fa aṣọ rẹ̀ ya.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí màámi, bó ṣe rò ó fún mi. Nígbà tí wọ́n sún mọ́ ibẹ̀, kọ̀ńdọ́ kígbe, "Igi Àgbọn wà o?" Ẹ̀yin ará Èkó mọ ohun tó ń béèrè. Tẹ́nì kan bá máa sọ̀, á dáhùn pé "Ó wà o!" Tí gbogbo yín bá dákẹ́, dírẹ́bà á tẹ̀ ẹ́ lọ. Ta ló sọ èyí fún màámi? Lábúlé wa, dírẹ́bà mọ ilé oníkálukú, ẹnu ọ̀nà rẹ ló máa já ọ sí. Màámi gbọ́ Igi Àgbọn, ó wá kọjú sí fèrèsé pẹ̀lú ojú tí kò ríran, ó ń wá igi àgbọn. Igi tí wọ́n ti gé kí wọ́n tó bí mi! Ó ń retí kí bọ́ọ̀sì dúró. Bọ́ọ̀sì ò dúró.

Múṣin ni wọ́n gbé e dé. Kọ̀ńdọ́ ní, "Màmá, ó tán o, ẹ sọ̀."

"Ṣé Igi Àgbọn nìyí?"

"Igi Àgbọn kẹ̀? Mo béèrè, ẹ ò ní ó wà."

"Kí ló wà?"

Ó pòṣé, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń pe èrò. Ẹni tó tó bí ìyá tirẹ̀! Àgbèrò kan ní kí màámi kúrò lójú ọ̀nà, pé ó ń dí òun lọ́wọ́, ó sì tì í sínú bọ́ọ̀sì mìíràn. Bọ́ọ̀sì yẹn gbé e dé Iganmu. Oòrùn ti mú. Ó dúró létí títì pẹ̀lú àpò rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó mọ̀wé ń kọjá, wọ́n ki orin bọ etí, kò sẹ́ni tó ní "Ìyá, ẹ kú ìdúró." Háà! Níbo ni a kó ìwà wa jù sí ní Èkó yìí?

Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bá jà? Ta ló ní kó má bá èèyàn sọ̀rọ̀? Ta ló ní kó fi pamọ́ pé àlejò lòun?

Màámi ní òun sọ fún Ọlọ́run pé, "Baba, Dáre ní kí n má sọ, ṣùgbọ́n mo máa sọ." Ó kígbe láàárín èrò: "Ẹ gbà mí o! Àlejò ni mí! N ò ríran, n ò sì mọ̀nà!"

Ògo! Ẹ ò rí i? Ojú ẹsẹ̀ ni Àǹtí kan yà sọ́dọ̀ rẹ̀, tíṣà ni wọ́n ní Sùúrùlérè. Wọ́n ní, "Ìyá mi, ta lẹ̀ ń wá?" Wọ́n bá a tú fóònù nídìí ìró, wọ́n tàn án, wọ́n pè mí.

"Ṣé ìwọ ni Dáre? Ìyá rẹ wà lọ́dọ̀ mi ní Iganmu. Níbo lo wà tí wọ́n fi ń dá nìkan wọ bọ́ọ̀sì?"

Mo ní, "Àǹtí, ibi iṣẹ́ ni mo wà láàárọ̀."

Ẹ wò ó. Ẹnu mi ló ti jáde.

Àǹtí yẹn fúnra wọn ló mú un wá. Ọ̀sán ti pọ́n. Dókítà ti gbé báàgì, ó ń lọ. Nọ́ọ̀sì ní, "Ó parí. Oṣù mẹ́fà." Mo bá bú jáde! Mo bú bọ́ọ̀sì, mo bú kọ̀ńdọ́, mo bú Èkó látòkè délẹ̀. Dókítà yíjú padà. Ó ní, "Ta ló ń pariwo? Kí ló dé tí màmá pẹ́?"

Mo wo màámi. Ó di àpò rẹ̀ mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún eruku. Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi.

Mo ní, "Dókítà, èmi ni. Ó yẹ kí n dúró dè wọ́n. Ìsọ̀ onígbàjámọ̀ ni mo wà."

Ó wo orí mi. Ó ní, "Mo rí i." Ó gbé báàgì kalẹ̀. "Màmá, ẹ jókòó."

Ó tan tọ́ọ̀ṣì kékeré sójú rẹ̀. Ó ní, "Tó bá tún fi oṣù mẹ́fà pẹ́, mi ò ní lè ṣe nǹkan kan sí ojú ọ̀tún yìí mọ́. Ẹ mú wọn wá lọ́la." Ọpẹ́ ni! Ọpẹ́ ni o!

Wọ́n ṣe é. Wọ́n ṣí ojú ọ̀tún. Màámi wò mí, ó wo orí mi títí. Ó ní, "Ṣé irun náà nìyí? Kò tiẹ̀ dára." Mo sunkún, ẹ̀yin ará. Mo dọ̀bálẹ̀ nílẹ̀ ilé ìwòsàn.

Èmi ni mo mú un padà sí Sábó. Kọ̀ńdọ́ ò tíì la ẹnu tí màámi fi kígbe pé, "Sábó wà o!" Dírẹ́bà fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ bíréèkì.

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí tíṣà, mi ò tíì rí wọn láti jẹ́wọ́ irọ́ mi. Ìwọ tó wà nínú ìdààmú, tó ò ń ṣe bí ẹni tó mọ̀nà, pariwo pé o ò mọ̀ ọ́n. Ọlọ́run á ya ẹnì kan sọ́dọ̀ rẹ. Ẹ̀yin tí ìyá yín sì ń bọ̀ láti ilé, ẹ lọ dúró kó tó dé. Irun á ṣì máa hù.

Baba, ẹ ṣé!