Ohun Tó Wà Lọ́wọ́ Obìnrin Ara Ògiri

Mo ń ra gàrí ní Sakété nígbà tí ọmọbìnrin kan dé, tó kí ìyá tó ń wọn gàrí fún mi.

"Ẹ kú ọjà, Ìyá. Eré kan là ń ṣe. Fóònù ló ń darí wa káàkiri àwòrán ara ògiri. Ó bi mí pé kí ló wà lọ́wọ́ obìnrin tó ń yan gàrí nínú àwòrán ẹ̀yìn yín yìí, àmọ́ òjò ti fọ ọwọ́ rẹ̀ lọ."

"Kọ àfọ́kù igbá."

"Ẹ ṣì rántí?"

"Ìyá mi ni. Kò ya fọ́tò rí títí tó fi kú. Èmi ni mo dúró ti ayàwòrán, tí mò ń sọ bó ṣe rí fún un. Ó fẹ́ fi síbí onígi sí i lọ́wọ́, mo ní rárá o, àfọ́kù igbá ni ìyá mi fi ń yí gàrí."

Ọmọbìnrin náà tẹ̀ ẹ́. Fóònù dún. "Ó gbà á, Ìyá!"

"Ṣé gbogbo ẹni tó bá dé ibí ló máa bi?"

"Gbogbo wọn ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tẹ́nikẹ́ni ò béèrè ìyá mi mọ́."