Ìwé Baba Tíṣà Tí Mo Ní Mò Ń Wá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ó ti lé lọ́dún kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun. Ǹ bá gbé e mì, àmọ́ nǹkan bàbá àgbàlagbà kan ló ń ṣòfò lọ nítorí irọ́ mi.

Sọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, n'Ìwó níbí. Mi ò parí sẹ́kọ́ńdìrì, àmọ́ tó bá di ti kọ̀ǹpútà, mo gbà pé kò sẹ́ni tó tó mi. Èmi ni mo sọ ara mi ní Ẹnjiníà. Àǹtí Rísí tá a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Ẹnjiníà tó sá ní SS2!"

Baba Tíṣà, oníbàárà wa kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, máa ń wá láti ìlú Kuta. Ìtàn agbo ilé wọn ni wọ́n ń kọ: ta ló bí ta, ta ló kọ́kọ́ dáko níbo, oríkì oníkálukú. Àwọn àgbà tó sọ ọ́ fún wọn ti kú tán. Ojú Baba sì ti ṣú, torí náà ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ọ́, Àǹtí Rísí á máa tẹ̀ ẹ́. Kò sí lórí bébà kankan.

Orí kọ̀ọ̀kan ìwé náà wà lọ́tọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, Àǹtí sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó rí èyí tí wọ́n fẹ́ ṣí. Ni mo bá fẹ́ ṣe fáàrí. Windows 95 la ń lò. Mo lọ síbi tí wọ́n kọ "Find" sí, mo tẹ orúkọ agbo ilé Baba, orí mọ́kànlá sì tò jáde. Mo ní kó fi ìwákiri náà pa mọ́, àwòrán kékeré kan bá yọ lójú kọ̀ǹpútà. Kéèyàn ṣáà ṣí i, kó tún ní kó wá a, gbogbo ẹ̀ á jáde.

"Àǹtí, ẹ wò ó! Mo ti kó gbogbo ẹ̀ jọ!"

"Ó dáa, Ẹnjiníà. Má ṣáà bà á jẹ́."

Mo rò pé ẹ̀dà kejì ni mo kó síbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ìwé gan-an ni mò ń wò.

Nígbà tó yá, mo fẹ́ fi géèmù bọ́ọ̀lù sí i, kọ̀ǹpútà ní àyè ò sí mọ́. Mo ní ṣebí ti Baba jẹ́ méjì. Mo ṣí ohun tí mo pa mọ́, mo pa orí mọ́kànlá rẹ́. Àyè ò tíì tó. Mo da gbogbo ohun tó wà níbi tí ohun téèyàn pa rẹ́ máa ń lọ nù pẹ̀lú.

Nígbà tí Àǹtí wá a tí wọn ò rí i, Ọ̀gá tó ni sọ́ọ̀bù dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù ló bà mí. Mo ní, "Fáírọ́ọ̀sì ni, sà. Díìsì tí Àǹtí mú wá láti ilé ló kó o wọlé." Ọ̀gá lé Àǹtí lọ lọ́jọ́ náà. Àǹtí ò bú mi. Wọ́n kàn gbé báàgì wọn, wọ́n lọ. Orí àga wọn ni mo wà báyìí.

Nígbà tí Baba gbọ́, wọ́n sáré wá sí sọ́ọ̀bù. Mo bá ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà, màá wá a rí." Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti kí Jímọ̀ tán ni wọ́n ń wá. "Ẹnjiníà mi, ibo lo bá a dé?" Màá tún ṣí ìwákiri yẹn. Kọ̀ǹpútà á wá a, á wá a, á ní òun ò rí nǹkan kan. Baba ò ríran kà á. Màá ní, "Ó ti sún mọ́lé, sà." Wọ́n á gbàdúrà fún mi. Wọ́n gbé iṣu fún mi lọ́jọ́ kan, mi ò lè jẹ ẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ wọn obìnrin tó ń kàwé n'Ìbàdàn tẹ̀ lé wọn wá. Ó gbé rẹ́kọ́dà dání, ó ní kí Baba sọ ọ́ lákọ̀tun sínú ẹ̀. Baba ní, "Kí la ń dara wa láàmú sí? Ẹnjiníà ń wá a." Níta, ọmọ náà sọ fún mi pé Baba ò rántí orúkọ ìyá bàbá wọn mọ́. Ó ní ó di Iléyá kóun tó tún padà wá.

Tí mo bá sọ ọ́, iṣẹ́ lọ, gbogbo Ìwó á fi mí rẹ́rìn-ín. Tí mi ò bá sọ ọ́, Baba á máa dúró dè mí títí gbogbo ẹ̀ á fi tán lórí wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀dọ̀ ta ni kí n kọ́kọ́ lọ, Àǹtí Rísí ni àbí Baba? Ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ tí màá fi bẹ̀rẹ̀. Torí bí mo bá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú Baba báyìí, wọ́n á rò pé mo ti rí ìwé wọn, pé mo wá ròyìn ayọ̀ ni.