Aṣọ Ìnura Pupa Tí N Kò Sá

Ọjọ́ tí ìròyìn ikú Wideline dé, kọfí wà lórí iná. Dieunel, tí a jọ ń gbé ilé, ló wọlé. Ó ṣí fìlà, ó ní, "Guerdine, odò ti gbé e lọ." Kọfí hó, ó dà, ó pa iná, n kò dìde. Gbogbo ilé sunkún. Èmi náà sunkún, ṣùgbọ́n bí mo ti ń sunkún ni mo ń yọ́jú wo olúkúlùkù, bóyá ẹnìkan mọ̀. Ọdún kejìdínlógún rè é. Ohun tí mo gbé mì lọ́jọ́ náà kò dà nínú mi rí. Ẹ jẹ́ kí n bì í jáde.

Ọmọ Haiti ni àwa mẹ́ta. A kọjá ẹnubodè wá sí Santiago, ní ilẹ̀ Dominican, láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Wideline ni àbúrò gbogbo wa. Ìyá rẹ̀, Màmá Céliane, ló fà á lé mi lọ́wọ́ ní ibùdókọ̀: "Guerdine, ojú rẹ ni ojú mi níbẹ̀ o."

Ẹni tó bá ti ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nílẹ̀ onílẹ̀ mọ̀ pé òǹtẹ̀ ìwé ìgbélùú kì í tètè dé. Wọn a ní ká padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Kí oṣù náà tó dé, ọkọ̀ àwọn aṣọ́bodè a máa yí àdúgbò ká. Ẹni tí wọ́n bá bá láìní òǹtẹ̀ tuntun, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni, ó di ẹnubodè. Nítorí náà a ní àmì kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ọkọ̀ náà yóò sá aṣọ ìnura pupa sórí irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè wa. Ẹni tó ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́, bó bá rí pupa, á gba ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì lọ.

Wideline ló máa ń sá a jù. Nígbà míì, yóò ti sá a kí ọkọ̀ tó yọ rárá. Dieunel a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Wòlíì kékeré! Jọ̀ọ́, bá wa ríran wo ìbéèrè ìdánwò náà." A ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan Dieunel pè mí sí kọ̀rọ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Mo rí i ní ọgbà ìgbafẹ́. Òun àti ọ̀kan nínú àwọn aṣọ́bodè yẹn ló jókòó. Ọkùnrin náà fún un ní nǹkan."

"Irọ́ ni."

"Ojú mi méjèèjì ló ṣe é. Bi ara rẹ, ta ló ń sọ fún un?"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Bó bá gbé fóònù, á rẹ ohùn sílẹ̀, á bọ́ sí èdè Sípéènì. Adìẹ dídín a máa bá a wọlé, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé kò ní owó adìẹ. Bí mo bá béèrè, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹun jàre, ẹ má bi adìẹ léèrè ìyá tó bí i." Mo jẹ ẹ́. Èmi tí àwọn sista ìjọ kọ́ pé kí n má dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, mo ń jẹ adìẹ rẹ̀, mo ń dá a lẹ́jọ́. Nígbà tí wọ́n kó ọmọkùnrin méjì ilé kejì lọ, lọ́jọ́ tí kò sá aṣọ, ẹjọ́ ti parí lọ́kàn mi: òun ló ń tà wá fún wọn.

Ọjọ́bọ̀ kan, ó ń lọ sílé ẹ̀kọ́, ó yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi máa wo ìta lónìí o. Ọkàn mi ò balẹ̀." Mo ní, "Máa lọ." Lọ́sàn-án, mo ń fọ aṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo rí ọkọ̀ náà lábẹ́ igi máńgòrò ìkóríta. Aṣọ pupa wà lọ́wọ́ mi, omi ń kán lára rẹ̀. N kò ní fi ohun tí mo rò lé Sátánì lọ́rùn. Èmi ni mo rò ó. Mo ní: bó bá jẹ́ tiwọn ni, wọn kò ní mú un. Mo fẹ́ dán an wò. Mo ká aṣọ náà, mo wọlé, mo jókòó lé e, mo ń wo ìta láti ojú fèrèsé. Omi rẹ̀ wọ yẹ̀rì mi.

Wideline yọ. Ó gbé ojú sókè wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, kò rí pupa. Ara rẹ̀ balẹ̀, ó ń bọ̀ tààrà. Mo lè pariwo nígbà náà. Ẹnu mi kò yadi. Wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n fà á lápá. Ohun tó fi gbogbo agbára rẹ̀ ké ni, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jáde o! Wọ́n ti dé! Ẹ tilẹ̀kùn!"

Mo tilẹ̀kùn.

Ó pè mí láti òdìkejì ẹnubodè. "Ẹ má sunkún. Ìdánwò ku ọ̀túnla. Ẹnìkan yóò mú mi gba inú odò padà wá." Òjò ti rọ̀ lórí òkè, odò ti kún.

Níbi ìsìnkú, Màmá Céliane dì mọ́ mi. "O ṣeun ọmọ mi, ìwọ lo bá mi tọ́jú rẹ̀."

A ṣì ń wọ dúdú nígbà tí ọkùnrin kan kanlẹ̀kùn, òun àti ọmọbìnrin kékeré kan tó gbé adìẹ dídín lọ́wọ́. "Tíṣà Wideline dà? Ìṣirò ń yọ ọmọ mi lẹ́nu." Nígbà tí a sọ fún un, ó fara ti ògiri. "Aṣọ́bodè ni mí. Èmi ni mo ń ta á lólobó bí ọkọ̀ yóò bá jáde. Òun náà ń kọ́ ọmọ mi. Mo ní kó búra pé kò ní sọ, kí n má baà pàdánù iṣẹ́ mi. Bí wọ́n bá rán mi lọ síbòmíràn, n kì í mọ̀. Mo sọ fún un pé n kò ní sí nílé lọ́sẹ̀ yẹn, kó bẹ ẹ̀yin ará ilé rẹ̀ kí ẹ bá a ṣọ́ ìta."

Dieunel bú sẹ́kún. Ó rò pé ìfura nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ wa.

Mo di dókítà, n kò kúrò nílé náà. Lóṣù tó kọjá Màmá Céliane pè mí: ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ wá kàwé níbí. "Ìwọ náà ni mo tún ń fà á lé lọ́wọ́, Guerdine. Ojú rẹ ni ojú mi." N kò lè gbà á lórí irọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ti sọ ọ́ níbí. Ó wá ní, "Ṣé o gbọ́ nígbà tó ké?"

"Mo gbọ́, ìyá mi."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ọmọ náà yóò ṣì wá. Ìyá mi, ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń lọ kàwé nílẹ̀ onílẹ̀, bí ẹ bá fura sí ara yín, ẹ bi ara yín lójúkojú. Ẹ má fi ẹ̀mí ẹnìkan dán an wò.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá lẹ́yìn wa ṣì mọ àmì náà. Láàárọ̀ yìí, mo rí ọkọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Mo mú aṣọ ìnura pupa, mo sá a sórí irin. Ọmọbìnrin kan tí n kò mọ̀ rí, tó gbé ìwé mọ́ àyà, gbójú sókè, ó sì yà sí ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì.