Ẹ̀yìn Dúpẹ́ Lẹ Tò Sí

Bàbá Kẹ́hìndé, ẹ má tíì bọ́ bàtà yẹn, ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ ń bẹ. Nínú gbogbo àwa tí a jọ ń ṣe kẹ́gì nílé iṣẹ́ yẹn, nínú àádọ́fà èèyàn tó jáde sí pápá níwájú géètì lónìí láti yan alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹ̀yin ọkọ mi, ẹ̀yin tí a jọ jí nínú ilé yìí ní Jójú láàárọ̀ yìí, ẹ̀yìn Dúpẹ́ lẹ lọ tò sí. Dúpẹ́ tó ń bá mi du ipò! Ẹ tiẹ̀ ń na ọrùn sókè kí ẹni tó ń kà má baà fò yín.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín bí mo ṣe máa ń là á fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ní Alápòtì, kí ebi tó lé mi kúrò nídìí iṣẹ́ tíṣà. Ta ló kọ́kọ́ sọ fún àwọn èèyàn yìí pé ẹgbẹ́ tí mánéjà bá bá wa yan alága rẹ̀, ẹgbẹ́ mánéjà ni? Èmi ni. Ta ló ń fi èédú kọ ọ́ sára páálí lẹ́yìn sítọ́ọ̀ nígbà ìsinmi ọ̀sán, pé ẹni tó ti ṣe kásúà, òṣìṣẹ́ ojúmọ́, fún ọdún mẹ́fà kì í ṣe àlejò mọ́, pé ó yẹ kí wọ́n fún un ní ìwé ìgbanisíṣẹ́? Èmi náà ni, oúnjẹ mi á sì ti tutù. Dúpẹ́ ńkọ́? Nígbà tó ti Ìkirè dé, ó rò pé èésú ni wọ́n ń dá nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo fà á wọ ẹgbẹ́, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dìde sọ̀rọ̀ láwùjọ. Mo fi Ọlọ́run búra, ọ̀rọ̀ tó sọ lónìí tí ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún un yẹn, ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ.

Kí lẹ wí? Ẹ ní òfin ni. Hẹ̀n-ẹ́n. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ ń bọ̀.

Sirajudeen tó ń darí ìdìbò ló dá a sílẹ̀. Ó rọra dìde, ó ní, "Tíṣà, ẹ kọ́ wa pé ẹni tó bá ń kọ orúkọ èèyàn fún mánéjà kò gbọdọ̀ ṣe alága ẹgbẹ́. Ta ló ń kọ orúkọ àwọn tó bá pẹ́ dé ní ìlà iṣẹ́ kejì?" Lóòótọ́, láti oṣù kẹta tí wọ́n ti fi mí ṣe olórí ìlà, èmi ni mo ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ṣé bí àwọn yòókù ṣe ń kọ ọ́ ni mo ṣe ń kọ ọ́? Mo máa ń fún wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí òjò bá ba ọ̀nà Ìtèlé jẹ́, mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Mo rò pé ọ̀tọ̀ ni tèmi. Ẹ wo àṣìṣe tíṣà: mo kọ́ gbogbo kíláàsì, mo gbàgbé láti bá wọn jókòó síbẹ̀.

Sirajudeen kò sì lé mi o, ó ní kí kálukú fi ẹsẹ̀ rẹ̀ dìbò. Mo dúró, mo gbé àyà síwájú, mo wẹ̀yìn, Ẹfúnkẹ́ nìkan ni mo rí. Òun náà ní torí pé ibẹ̀ ni ibòji wà lòun ṣe dúró síbẹ̀.

Mo wá wo apá ọ̀hún, mo rí fìlà yín.

Ẹ má dá sí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ìlara ni. Mo ti dárúkọ rẹ̀ fún yín, ọkàn yín balẹ̀? Nígbà tí wọ́n gbé Dúpẹ́ sókè, mo ń bi ara mi léèrè. Ṣé ó gbọ́n jù mí ni? Ṣé ó ti pẹ́ níbẹ̀ jù mí ni? Ohun kan ṣoṣo tó fi jù mí lọ ni pé mánéjà kò mọ orúkọ rẹ̀. Ohun tí mo sì kọ́ wọn pé kí wọ́n máa wá náà nìyẹn.

Ó dáa. Lọ́la ni Dúpẹ́ ń lọ jókòó níwájú àwọn mánéjà. Ẹ bá mi sọ fún un, nítorí ẹsẹ̀ mi ò lè gbé mi débẹ̀: kó wo ìsàlẹ̀ ìwé ìgbanisíṣẹ́ wa dáadáa kó tó fọwọ́ sí i. Tó bá jẹ́ orúkọ kọ́ńtírákítọ̀ tó kó wa wá ló wà níbẹ̀, kó dá a padà, torí lọ́jọ́ tí kọ́ńtírákítọ̀ bá kógbá wọlé, a ò ní ẹni tí a óò dì mú. Orúkọ ilé iṣẹ́ gan-an ni kó béèrè. Ṣé ó yé yín? Ẹ tún un sọ kí n gbọ́. Ẹ ṣeun. Ẹ má sì sọ pé èmi ni mo rán yín.

Ipò olórí ìlà yẹn, ọjọ́ Ajé ni n óò dá a padà fún wọn. Ọdún méjì ni sáà alága. Ọdún méjì kò jìnnà.

Ẹ ní kí ni? Ẹ ní ẹ̀yin lẹ óò kọ́kọ́ tò sẹ́yìn mi nígbà náà? Ọ̀rọ̀ ẹnu nìyẹn. Ẹ dìde. Mo ní ẹ dìde, Bàbá Kẹ́hìndé, ẹ wá dúró sẹ́yìn mi báyìí, láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri yìí, kí n mọ bó ṣe máa ń rí lára. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i.

Ó dáa. Ẹnì kan.